Ìlà Tó Ń Lọ sí Agboolé Elépo

Ìtàn yìí kò ya ilé ìjàpá, kò sì bá kìnnìún lálejò nínú igbó. Èkó ló jókòó sí, ní erékùṣù gan-an. Ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, ló gbà, ó dorí kọ ọ̀nà Ìdúmàgbò, ó sì dúró ní ẹnu ọ̀nà agboolé kan tí wọ́n ń pè ní agboolé Elépo. Ọmọ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Sàdíátù la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò lẹ́wà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì lóhùn orin. Orí kunkun ni Ọlọ́run fi jíńkí rẹ̀. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan báyìí, ó parí. Kí gbogbo àdúgbò wá fà á, kò ní kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà tóóró méjì ló já sí agboolé náà. Ọ̀kan ń ti ọ̀dọ̀ Ìga bọ̀, èkejì ń ti ọ̀dọ̀ Ìdúmàgbò bọ̀, ẹnu ọ̀nà agboolé Elépo gan-an ni wọ́n sì ti ń kọlu ara wọn. Nítorí àgbàrá òjò, àwọn àgbà ilé ti mọ ògiri kúkurú kan dí ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà, ó ga tó orúnkún ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àfi kó gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa. Ògiri yìí ni wọ́n fi ń mọ àlejò. Àlejò á gbá a, á ké "Yéè!", àwọn ọmọdé á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé kì í wo ilẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbéra kí òun fúnra rẹ̀ tó rántí.

Bàbá Sàdíátù kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rá kòrò. Ọwọ́ ènìyàn méjì ló dàgbà sí. Èkíní ni Ìyá Àgbà Àbẹ̀ní, ìyá bàbá rẹ̀, tó ń ta iyọ̀ lọ́jà Sandgrouse, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Èkejì ni Lùkúmọ̀n, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé. Lùkúmọ̀n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́. Bí inú bá ń bí i, gbogbo ilé á gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

Nígbà tó yá, ìjọba ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti há jù, pé ilé ń gun orí ilé, pé àìsàn ń bẹ nínú gọ́tà, pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri. Ìyá Àgbà fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ fọ ọ̀dà náà. Wọ́n tún padà wá kọ ọ́. Ó tún fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn náà ni àwọn lébìrà dé pẹ̀lú dígà àti òòlù, ohun tí ọ̀pọ̀ ìran fi ọwọ́ mọ sì di eruku. Wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí Súrùlérè, sínú ilé tí wọ́n tò bí ìgò sínú páálí, tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Lùkúmọ̀n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lérí ọmọlanke, ó tẹ̀ lé e sọdá afárá Kátà, kò sì bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ Èkó mọ́.

"Ohun tó ti lọ ti lọ," ó máa ń wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ibẹ̀ o jàre."

Ṣùgbọ́n àṣà kan ti wọ àwọn ará agboolé Elépo lára. Súrùlérè ni wọ́n ń sùn, Súrùlérè ni wọ́n ń jí, ṣùgbọ́n bi èyíkéyìí nínú wọn pé níbo lò ń gbé, á ní, "Agboolé Elépo." Ìyá Àgbà ni ọ̀gá wọn. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, tí Sàdíátù mú un lọ sọ́sípítù, akọ̀wé kan ló ń gba orúkọ.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń gbé?"

"Agboolé Elépo, ẹ̀yìn Ìga."

Akọ̀wé náà gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ̀yin màmá yìí! Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti wó ibẹ̀ ni?"

"Ṣé o bi mí bóyá wọ́n wó o ni? Ìwọ ṣá bi mí níbi tí mò ń gbé."

"Ilé tí ò sí, màmá?"

"Ìwọ náà ò ní eyín níwájú, ẹnu rẹ ṣì ń jẹ́ ẹnu. Kọ ohun tí mo wí, ọmọ dáadáa."

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín. Sàdíátù náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn. Lójú tirẹ̀, bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dáhùn náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní Súrùlérè lòun ń gbé ti gbà fún wọn nìyẹn.

Lákòókò yìí, Sàdíátù ti di tíṣà kékeré nílé ìwé àwọn ọmọ Mùsùlùmí kan ní Èkó, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń kọ́ ní á-bí-dí. Bó bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti kírun Àsárì, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà lọ, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdúmàgbò, lórí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Wọ́n ń múra sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìdánwò tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ìṣirò ni tirẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ lè di tíṣà àgbà. Òun nìkan lobìnrin nínú kíláàsì náà. Tíṣà wọn ni Mísítà Dáfídì, ọmọ Ẹ̀gbá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í pariwo.

Kíláàsì yìí ni Lùkúmọ̀n kò fẹ́. Ó ń parí nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ọmọbìnrin sì gbọ́dọ̀ sọdá afárá kó tó wá wọkọ̀ dé Súrùlérè. Ó kọ́kọ́ ní kí ó fi í sílẹ̀. Sàdíátù kọ̀. Lùkúmọ̀n ní kí Ìyá Àgbà bá a sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ní òun ò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó sú Lùkúmọ̀n, ó fi ọ̀rọ̀ náà síbi kan.

"Tíṣà yín máa dán yín wò kó tó fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tí orúkọ rẹ bá wọlé, máa lọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá wọlé, o ò gbọdọ̀ sọdá afárá yẹn mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Wàá máa tara bọ ilé, wàá sì wá kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ mi. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, Bàbá. Á wọlé."

"Wàá rí i."

"Ẹ̀yin náà á rí i, Bàbá."

Ẹ ó rántí pé mo ní orí kunkun ni wọ́n fi jíńkí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nígbà náà ni gíráàfù. Kò le bí àwọn tó kàwé ṣe ń fi í halẹ̀ mọ́ni. Bébà kan ni, tó kún fún ìlà wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n apẹja. Ìlà ńlá kan sùn sílẹ̀, ìlà ńlá kan dúró, nọ́ńbà sì wà lára àwọn méjèèjì. Wọ́n á wá ya ìlà mìíràn tó ń rìn kọjá lórí bébà náà, tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ní mẹ́ta, kí ni iye rẹ̀, ìwọ á rìn lórí ìlà tó sùn títí wàá fi dé mẹ́ta, wàá gbójú sókè wo ibi tí àmì wà, wàá sì fi ìlà tó dúró wọn bí ó ṣe ga tó. Gíga yẹn ni iye rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, Sàdíátù mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Mísítà Dáfídì dán wọn wò, ìlà tó yà fún wọn ní ìṣòro nínú. Ìlà náà ń ti apá òsì gòkè bọ̀ wá sí mẹ́ta, òmíràn ń ti apá ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí mẹ́ta, àwọn méjèèjì sì kọjú sí ibì kan náà, ní gíga mẹ́rin. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti fẹ́ pàdé gẹ́lẹ́, àmì róbótó kan ló wà níbẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo. Wò ó sísàlẹ̀, ní gíga ọ̀kan, wàá rí àmì róbótó mìíràn tí wọ́n fi íńkì dí, tó dá dúró bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Ìbéèrè méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èkíní: ní mẹ́ta, kí ni iye rẹ̀? Èkejì: bí a ti ń sún mọ́ mẹ́ta, kí ni límíìtì rẹ̀?

Sàdíátù wo àmì òfìfo náà. Ó mọ ibẹ̀. Ọ̀nà méjì, ẹnu ọ̀nà kan, kò sílé. Ó wo àmì tó dá dúró nísàlẹ̀, ó mọ ìyẹn náà: Súrùlérè ni. Wọ́n bi í ní iye, ó kọ mẹ́rin, nítorí ibẹ̀ ni ilé. Wọ́n bi í ní límíìtì, ó kọ ọ̀kan, nítorí ibi tí wọ́n wá há a mọ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó rìn jáde bí ọba.

Nígbà tí Mísítà Dáfídì dá ìwé padà, ó pe Sàdíátù dìde.

"Mẹ́rin ni iye rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló wà ní gíga mẹ́rin níbẹ̀?"

"Àmì òfìfo, sà."

"Òfìfo. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bi ọ́ ní ohun tó wà ní mẹ́ta, o sọ ibi tí nǹkan ò sí fún mi."

"Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo ìlà ń lọ, sà! Òsì ń lọ síbẹ̀, ọ̀tún ń lọ síbẹ̀. Ta ló ń lọ sí ibi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹn wà? Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀. Ṣe ni wọ́n kàn jù ú síbẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́lájí, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Marina, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, pariwo láti ẹ̀yìn: "Àǹtí agboolé Elépo! Wọ́n ti wó o, ó tún fẹ́ lọ kírun nínú rẹ̀!"

"Ó kúkú sàn ju ìwọ tí o ń gbé inú ilé, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ," Sàdíátù dá a lóhùn.

Ẹ̀rín yí padà sórí Bọ́lájí. Ṣùgbọ́n Mísítà Dáfídì kò rẹ́rìn-ín.

"O fi ẹsẹ̀ ìbéèrè kan wọ bàtà èkejì," ó ní. "Ibi tí ìlà dorí kọ, límíìtì nìyẹn; kì í ṣe iye. Mi ò lè fi orúkọ ẹni tó bá ṣe báyìí ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyókù ìwé rẹ dára. Ní Ọjọ́bọ̀, wàá dìde síwájú pátákó. Màá ya òmíràn. Tí o bá kà á bó ṣe yẹ, màá kọ orúkọ rẹ. Tí o kò bá lè kà á, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ kò sí fún Sàdíátù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó délé, kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún Lùkúmọ̀n.

"Orúkọ rẹ ò wọlé," Lùkúmọ̀n wí, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

"Kò tíì wọlé, Bàbá. Ó di Ọjọ́bọ̀."

"A ti sọ ọ́. Ẹni tó bá kùnà ti kùnà."

"Ẹni tí tíṣà bá pè padà ò tíì kùnà. Ẹ ní bí orúkọ bá wọlé. Wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin wá ń ti tiyín."

"Gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Ìyá mi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń wí?"

"Mò ń gbọ́," Ìyá Àgbà dáhùn láti orí ẹní. "Ó dùn létí mi."

Lùkúmọ̀n tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kíkankíkan títí aṣọ fi ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. Èmi àti ìwọ jọ ń lọ lọ́jọ́ náà ni. Ó gbọ́dọ̀ ṣojú mi. Bí o bá kùnà níbẹ̀, a jọ ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ Èkó ti tán nìyẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sàdíátù bá Ìyá Àgbà ru igbá iyọ̀ lọ sí Sandgrouse, ó sì yà sí agboolé Elépo lójú ọ̀nà iṣẹ́. Iyanrìn àti àfọ́kù bíríkì nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta kan, inú ń bí i. Ó ń wo àwọn èèyàn tó ń kọjá. Àwọn kan ń ti ọ̀dọ̀ Ìga bọ̀, àwọn kan ń ti Ìdúmàgbò bọ̀. Ẹsẹ̀ ti tẹ ọ̀nà méjèèjì di funfun lórí ilẹ̀ bíi ti àtijọ́. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n, ọmọ ilé náà tí wọ́n ti kó lọ, dé ibi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra sókè, ó ré ohun tí kò sí kọjá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé òun ṣe é.

Sàdíátù dìde. Òun náà rìn wá láti ọ̀dọ̀ Ìga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra. Ó lọ sí apá Ìdúmàgbò, ó tún rìn padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra níbì kan náà.

Ó wá dúró jẹ́ẹ́. Níbi tí ó dúró sí yìí, bí ẹnì kan bá bi í pé, "Kí ló wà níbí?", kí ni yóò sọ? Iyanrìn. Bí ó bá sọ pé ilé ni, irọ́ ló pa, ojú gbogbo ayé sì ń rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé, "Níbo ni àwọn tó ń ti apá méjèèjì bọ̀ yìí dorí kọ?", kò sí ìjọba tó lè yí ìdáhùn yẹn padà. Wọ́n lè wó ògiri. Wọn ò wó bí ọ̀nà ṣe kọjú. Ìbéèrè méjì ni. Òun ti ń fi èkejì gbèjà èkíní láti ọjọ́ yìí wá, bí ẹni pé tí òun bá sọ pé Súrùlérè lòun ń sùn, ọ̀nà méjèèjì yóò parẹ́ lórí ilẹ̀.

"Wọn ò ní parẹ́," ó sọ fún iyanrìn. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ìbínú náà ti rí ibi jókòó sí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Lùkúmọ̀n wọ dàńṣíkí funfun, ó dé fìlà, ó sì dúró dè é níwájú ilé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí wọ́n ti ń lọ, ó fẹ́ gba títì ńlá yípo.

"Bàbá, ibí ló yá jù."

"Mo mọ ibi tó yá jù. Wọ́n bí mi síbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká gbà á nígbà náà."

"Mi ò fẹ́ rí i."

"Ẹ má wò ó. Ẹ ṣáà máa rìn."

Ó wo ọmọ náà bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Lẹ́yìn náà ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sọ́run, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń ka ẹyẹ. Wọ́n gba ẹ̀yìn Ìga. Kò wo ilẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ Lùkúmọ̀n gbéra sókè fúnra rẹ̀, dáadáa, bíi ti ẹni tó ń wọlé baba rẹ̀.

Ó dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo Sàdíátù, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Sàdíátù kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn tí wọ́n wó ilé yìí," Lùkúmọ̀n wí, kò sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Jẹ́ ká máa lọ. Tíṣà rẹ ń dúró."

Nínú kíláàsì, wọ́n fún Lùkúmọ̀n ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mísítà Dáfídì kí i dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì yíjú sí pátákó. Ó ya ìlà náà bó ṣe wù ú. Ní méjì, ìlà òsì àti ìlà ọ̀tún jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gíga mẹ́ta, àmì òfìfo ló sì wà níbẹ̀. Lókè, ní gíga márùn-ún, àmì tí wọ́n fi ẹfun dí dá dúró.

"Sàdíátù. Ní méjì, kí ni iye rẹ̀?"

Bọ́lájí ti ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀rín.

"Márùn-ún, sà. Ibẹ̀ ló ń gbé."

"Àti límíìtì rẹ̀?"

"Mẹ́ta, sà."

"Kí ló wà ní gíga mẹ́ta?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Ibẹ̀ ni ìlà méjèèjì ń lọ, bí nǹkan wà níbẹ̀, bí nǹkan ò sí."

Mísítà Dáfídì kò sọ pé ó tọ́, kò sọ pé kò tọ́. Ó fi ẹfun tọ́ka sí iwájú, níbi tí ó ya mẹ́fà sí. Níbẹ̀, ìlà òsì rìn wá, ó sì wọ inú àmì tí wọ́n dí ní gíga méjì, pẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà ọ̀tún ń bọ̀ láti iwájú, ó kọjú sí àmì òfìfo kan ní gíga mẹ́rin, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ní mẹ́fà ńkọ́?"

"Iye rẹ̀ jẹ́ méjì, sà."

"Límíìtì rẹ̀?"

Sàdíátù wò ó. Ó rin ìlà òsì lọ pẹ̀lú ojú rẹ̀, ó rin ìlà ọ̀tún bọ̀. Ó tún un rìn.

"Kò sí, sà."

"Kò sí kẹ̀? Ìlà òsì wọlé síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Àmì wà níbẹ̀ tí mo dí. Ìwọ wá ní kò sí?"

"Kò sí, sà."

"Níjelòó, o ní nǹkan wà níbi tí ilé ò sí. Lónìí, ilé wà, o ní kò sí. Ṣé méjì kọ́ ló yẹ kó jẹ́?"

"Sàdíátù," Lùkúmọ̀n pè é láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, "sọ ohun tí tíṣà fẹ́ gbọ́ fún un, ká parí ẹ̀."

"Bàbá, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ohun tó wà lójú pátákó ni mo mọ̀." Ó yíjú sí Mísítà Dáfídì. "Ẹni tó ń ti òsì bọ̀ nìkan ló ń lọ sí méjì, sà. Ẹni tó ń ti ọ̀tún bọ̀, mẹ́rin ló dorí kọ. Ọ̀nà wọn ò kọjú síra wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ kò ní kí ọ̀nà méjèèjì máa lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá bi mí títí di àárọ̀, kò sí náà ni màá máa wí."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Mísítà Dáfídì gbé ẹfun sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ó tọ́. Kò sí. Nínú yàrá ìdánwò, kò ní sẹ́ni tó máa mi orí sí ọ níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá dúró."

"Ó máa dúró," Lùkúmọ̀n wí pẹ̀lú ohùn wúwo. "Ìyẹn ò ṣòro fún un. A ò rí i kó bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín, Mísítà Dáfídì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fa bébà kan jáde, ó kọ orúkọ Sàdíátù síbẹ̀.

"Níbo lò ń gbé, kí wọ́n lè fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ?"

Gbogbo wọn mọ ìdáhùn rẹ̀. Bọ́lájí ti ń sọ ọ́ sẹ́nu. Lùkúmọ̀n tẹjú mọ́lẹ̀.

"Súrùlérè, sà," Sàdíátù wí. Ó sọ òpópónà náà, ó sọ nọ́ńbà ilé.

"Háà!" Bọ́lájí kígbe. "Agboolé Elépo ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣẹ́gun yín ni?"

"Ibi tí mò ń gbé ni wọ́n bi mí. Wọn ò bi mí níbi tí mò ń lọ. Bọ́lájí, bí o bá lè ya ìbéèrè méjì yìí sọ́tọ̀, ìwọ náà á yege."

Ẹ̀yìn ọ̀la, nígbà tó wá di tíṣà àgbà, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń fẹ́ fi pẹ́ńsù dí àmì òfìfo nínú gíráàfù, kó lè dùn ún wò. Á lu tábìlì. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ má dí i fún wọn!" Kò sẹ́ni tó mọ àwọn "wọn" tó ń wí.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ká parí. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí òun àti Lùkúmọ̀n sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ń gbọ́ ìpè ìrun Mọ̀gáríbì láti mọ́sáláṣí kan. Lùkúmọ̀n kò yà sí títì ńlá. Láti apá Ìdúmàgbò, ó gba ọ̀nà tóóró náà fúnra rẹ̀, kò gbójú sọ́run mọ́.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, mẹ́gáàdì kan ń so wáyà yí ilẹ̀ náà ká, ó kù díẹ̀ kó parí. Ó rí wọn, ó na ọwọ́.

"Ẹ padà o, bàbá! Ẹ gba ibòmíràn! Kò sí ọ̀nà níbí mọ́!"

Sàdíátù dúró. Ó wo Lùkúmọ̀n, ọkùnrin tó ti ń sọ pé ohun tó ti lọ ti lọ.

Lùkúmọ̀n gbé wáyà náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan kí ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ kọjá. Òun náà tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn dé ibi tí ẹnu ọ̀nà wà rí, àwọn méjèèjì sì gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn gbé e.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" mẹ́gáàdì pariwo. "Mo ní kò sí ọ̀nà!"

"Ọ̀nà wà níbẹ̀," Lùkúmọ̀n dá a lóhùn, kò bojú wẹ̀yìn. "Ilé ni kò sí."